Opó Tí A Mú Gun Àpáta

Ẹ̀yin náà ò ní gbà á gbọ́, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà láti gbìyànjú. Ìyàwó mi, tó ti ń bá mi gbé láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi, kò gbà á gbọ́. Ó ní kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀rọ̀ òkú lé irú mi lọ́wọ́ tí mi ò ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó mọ̀ mí dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí, èmi kọ́ ni mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Òun ló fi mí ṣe.

Tíṣà ìwé àgbà ni mí ní Agége. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọdé bá ti kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan báyìí, àwọn àgbà á wọlé, wọ́n á ká ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ tábìlì tí wọ́n kàn fún ọmọ kékeré, wọ́n á sì ṣí ìwé. Ibi iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀ tààrà. Bí mo bá di ojú, òórùn nìkan ni màá fi mọ ẹni tó wọlé: ẹni tó ń se ọṣẹ, ẹni tó ń yọ́ ọ̀rá, ẹni tó ń di bisikíìtì sínú páálí. Aago ṣíìfù ló ń darí wa ju aago ilé ìwé lọ. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà bá ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe àfikún, ìdajì kíláàsì mi ti lọ nìyẹn.

Mo máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ tóbi jù, màá bi í bóyá pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ. Àwọn náà ò gbẹ́nu dákẹ́ o. Mọ́nítọ̀ wa jẹ́ baba arúgbó tó ti ṣe ọlọ́dẹ nílé iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú kíláàsì, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, "ẹ" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ti kọjá géètì báyìí, mo di "ìwọ", mo di ọmọ tó yẹ kó bá a gbé àpò.

Obìnrin méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ojúlé kan náà ni wọ́n ń gbé lọ́nà Dọ̀pẹ̀mú, yàrá wọn kọjú síra. Ọ̀kan jẹ́ aránṣọ. Ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá, torí pé ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà tẹ́lẹ̀, ti ní àrùn rọpárọsẹ̀. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà ò ṣiṣẹ́ mọ́, ìdajì ẹnu rẹ̀ náà sì ti dákẹ́. Obìnrin kejì ló ń di bisikíìtì. Ọkọ tirẹ̀ ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́. Ọkùnrin náà lágbára bí ẹni tó ń mu omi irin, ibà kì í tilẹ̀ ṣe é. Aránṣọ kì í sọ̀rọ̀. Oníbisikíìtì ló ń sọ ti àwọn méjèèjì.

Ìwé kíkà wa ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. A ka ẹ̀kọ́ kan nípa Abẹ́òkúta, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá ogun dé abẹ́ àpáta, tí àpáta sì di ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí a ṣe kà á tán ni oníbisikíìtì na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, àwọn ọmọ wa ń lọ sí ẹskọ́ṣọ̀n. Àwa ńkọ́? Àbí ẹni tó ti bímọ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́?"

Kíláàsì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di pé mo nu pátákó tán, wọ́n ti mú ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n sì ti ní ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀ láti stéṣọ̀n Agége.

Aránṣọ nìkan ni kò na ọwọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi lọ bá ọkọ rẹ̀ nílé, kí n tọrọ ààyè fún un. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń jókòó, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ fẹ́ gbé ìyàwó mi sá lọ, Tíṣà," ó wí. "Ẹ ti wò ó pé mi ò lè lé yín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju bó ṣe ń bà yín lọ."

Ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣẹ́ kù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù á fún mi lóúnjẹ. Ẹ ṣáà dá a padà bí ẹ ṣe gbé e."

Ọkọ oníbisikíìtì ń wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní yàrá òdìkejì, ó ń múra ṣíìfù alẹ́. Ó ké sí mi látibẹ̀: "Tíṣà! Ẹ gbé tèmi lọ pátápátá o! Ẹ má dá a padà!"

Sálúbàtà kan fò jáde látinú yàrá, ó bà á léjìká. A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkùnrin yẹn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a pé sí stéṣọ̀n nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Oníbisikíìtì kó èérún bisikíìtì kún ọ̀rá ńlá kan, ó ń pín in bí ìyá ìjọ. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti gbà á láyè.

"Èwo ni gbígbà? Kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí mo jáde. Mo bo ẹ̀wà àti búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá dé, á jẹ, á sùn, á họnrun. Tí mo bá padà, á ní ṣé mo jáde ni."

Aránṣọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé iwájú orí lé gíláàsì. Ọkọ̀ gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ kọjá, níbi tí wọ́n ń kó páálí àti irin tó ti dípẹtà jọ sí. Nígbà tó yá, ilé tán, igbó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ibi tí kò sí ilé."

Ẹsẹ̀ àpáta la wà, à ń ra ọsàn, nígbà tí fóònù mi dún. Lánlọ́ọ̀dù àwọn obìnrin méjèèjì ni. Àlájì, àgbàlagbà, ọmọ onílẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

"Tíṣà, ibo lẹ wà?"

"Ẹsẹ̀ àpáta, Àlájì. A fẹ́ẹ́ máa gùn ún."

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ dá dúró?"

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn rí tó gbọ́ ire lẹ́yìn rẹ̀. Mo yẹra, mo lọ dúró sídìí igi kan.

"Ìyàwó ilé wa tó wà lọ́dọ̀ yín," Àlájì wí. "Ọkọ rẹ̀…" Ó mí kanlẹ̀. "Ilé ti dàrú, Tíṣà."

"Háà! Àlájì, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé…"

"Mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀. Ẹ má sì mú un bọ̀ lójijì, ètò tí à ń ṣe níbí ò tíì tó. Ẹ jẹ́ kó rìn ín tán, kó bá yín wọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bọ̀. A ó dúró dè yín ní stéṣọ̀n. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà o, ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ."

Ó pa fóònù.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ẹ fẹ́ ní, obìnrin méjì ló ti ojúlé yẹn wá, kí ló dé tí o ò béèrè pé èwo? Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè yìí, ẹ ti gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí? Àgbà bá gé ọ̀rọ̀ ikú sí méjì, ó gbé ìdajì fún ọ, ìwọ ni o máa wá ìdajì tó kù nínú ara rẹ. Èmi ò sì wá a jìnnà. Ọkùnrin kan ń bẹ lójúlé yẹn tó ti ń kú díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọkùnrin kejì lè gbé máàlù. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè?

Mọ́nítọ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, torí òun ló dàgbà jù. Ó ṣí fìlà, ó dé e padà.

"Ó ti sinmi," ó wí. "Ìyà yẹn pọ̀. Ìyá alábàágbé rẹ̀ ni kí o sọ fún, obìnrin ló mọ bí wọ́n ṣe ń di obìnrin mú."

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún oníbisikíìtì, ó lọ sẹ́yìn ilé kan, ó sunkún tirẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ kí ohùn jáde. Nígbà tó padà, ó ti bu omi sójú, ó ti tún gèlè wé.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Tíṣà. Èmi ni màá bá a jókòó títí wọ́n á fi sin ín. Ọkọ mi á bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ó lágbára." Ó ronú díẹ̀. "Fóònù ńkọ́? Ẹnì kan lè pè é láti ilé."

Òun náà ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n pàṣẹ bí Tíṣà, pé kí gbogbo kíláàsì pa fóònù kí wọ́n kó o fún mi, kí a lè gbádùn ìlú. Bí a bá gba ti aránṣọ nìkan, ó ní, á fura. Mo pàṣẹ. Fóònù tirẹ̀ ló kọ́kọ́ pa, ó jù ú sínú àpò tí mo fi kọ́rùn.

"Ó tán," ó wí sókè, kí gbogbo èèyàn gbọ́. "Ọkọ mi á ní mo ti rí ọkùnrin Ẹ̀gbá fẹ́!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní tirẹ̀.

A kò tíì gun àtẹ̀gùn jìnnà tí gbogbo wọn fi mọ̀. Mi ò lè sọ ẹni tó sọ fún ta ni. Mo ṣáà rí i pé ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń bá aránṣọ du àga níwájú kíláàsì ti gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn bó ọsàn fún un. Ẹlòmíràn ní kó rọra, pé òkúta ń yọ̀. Ẹni tí kò kí i rí ń pè é ní "màmá wa". Ojú wọn ni mi ò lè wò: gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló wà níbẹ̀.

Afinimọ̀nà mú wa wọ abẹ́ àpáta níbi tí àwọn baba ńlá wọn sá pamọ́ sí nígbà ogun. Òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, a ní láti tẹ̀ ba. Ó fi ihò wẹẹrẹ hàn wá lára òkúta, ó ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀ nígbà tí ọ̀tá wà níta.

"Ogun ń jà, wọ́n ṣì ń se ọbẹ̀?" aránṣọ béèrè.

"Ṣé ebi mọ ogun ni?" oníbisikíìtì dá a lóhùn. Ló bá kúnlẹ̀, ó fi odidi ọsàn ṣe ọmọlọ, ó ń lọ ata tí kò sí níbẹ̀, ó ń sín, ó ń nu ojú, ó ń bú ọ̀tá pé wọn ò jẹ́ kí ọbẹ̀ òun jinná. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sì rí omijé tó ń bọ́ lójú ẹni tó ń lọ ata, tí gbogbo ayé rò pé ata ló fà á.

Mọ́nítọ̀ dúró síwájú pátákó kan, ó ń kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ìka lára rẹ̀. Pátákó àkọ́kọ́ tó dá kà láyé rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ… má… kọ… nǹkan… sára… òkúta." Ó yíjú sí mi. "Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ìwé, Tíṣà, kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé kí n má kọ nǹkan?"

Lọ́jọ́ mìíràn, mi ò bá fi ìyẹn jẹ̀gbádùn fún oṣù mẹ́ta.

Lórí téńté àpáta, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ mọ́ wa lára. Páànù ilé àtijọ́ tó ti pọ́n bẹẹrẹ lọ títí dé odò, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yọrí láàárín wọn. Àwọn tó kù jókòó síbi òjìji kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Aránṣọ wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Tíṣà, ta ló pè yín lẹ́ẹ̀kan?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó yín ló ní kí ẹ ra ọsàn fún mi? Láti ìgbà tí mo ti ń wá sí kíláàsì yín, ẹ ò ra ẹ̀pà fún mi rí."

Mo ń tú okùn àpò fóònù tó wà lọ́rùn mi, mo tún ń so ó.

"Ẹ má sọ ọ́," ó wí. Ìlú ló ń wò, kì í ṣe èmi. "Bí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò tíì gbọ́. Bí mo bá délé, wọ́n á jókòó yí mi ká, wọ́n á ní kí n má dìde. Wọ́n á tú irun mi. Ẹbí rẹ̀ á dé láti Èkìtì, wọ́n á máa bi mí ní ohun tí mo fún un jẹ. Láti ìgbà tó ti ṣubú, Tíṣà, mi ò kọjá Abúlé Ẹ̀gbá. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń yí i padà lóru. Ẹ jẹ́ kí n wo ìlú yìí tán ná, kí n tó di opó."

Ó fi ojú tọ́ka sí òjìji.

"Àwọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ má sọ fún wọn pé mo mọ̀. Wọ́n ń gbìyànjú. Ẹ wá yà mí ní fọ́tò."

Ó lọ dúró sétí òkúta, ó na apá méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ jáde. Mo yà á. Fọ́tò náà dára.

Láti ibẹ̀ la ti lọ sọ́jà aláàdìrẹ ní Ìtọ̀kú. Aránṣọ ń fi ìka rọra pa aṣọ wò bí àwọn aránṣọ ti í ṣe, ó ń yí etí rẹ̀ wò, ó ń bi wọ́n bó ṣe ń dúró lómi. Ó gbé ọ̀kan tó pọ́n tó sì ní òdòdó funfun dání, ó fi í sáyà. Oníbisikíìtì rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má ra èyí. Gba èyí ni." Aró dúdú, tó dúdú dé ibi tó fẹ́ẹ́ di òru. "Èmi ni mo rà á fún ọ."

Aránṣọ wo aṣọ, ó wo ojú ẹni tó rà á. Ó mọ aṣọ tó jẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ká a sínú àpò rẹ̀. Mo bojú wo ibòmíràn.

Nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rín ti rẹ̀ wá. Aránṣọ sùn sí èjìká oníbisikíìtì, tàbí ó dibọ́n pé òun sùn. Oníbisikíìtì fi apá gbá a mọ́ra, kò sún kúrò lójú kan. Nígbà tí a sún mọ́ Agége, ó yọ́ ohùn sí mi.

"Ẹ fún mi ní fóònù mi, kí n pe ọkọ mi kó wá pàdé wa ní stéṣọ̀n. Bí ìyá yìí bá dákú, ta ló máa gbé e?"

"Bí mo bá fún yín, òun náà á béèrè tirẹ̀," mo wí. "Ó kù díẹ̀. Ẹ ní sùúrù."

Ó gbà. Ó ní òótọ́ ni.

Àlájì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, fìlà funfun lórí, ọwọ́ lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àwọn obìnrin méjì, àti ọkùnrin kan tó ṣì wọ ofaróòlù iṣẹ́. Kíláàsì mi pín ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì aránṣọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

"Ẹ di apá ọ̀tún rẹ̀ mú," oníbisikíìtì wí fún mọ́nítọ̀. "Òsì wà lọ́wọ́ mi."

Ṣùgbọ́n aránṣọ tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára wa. Ó dá rìn lọ bá Àlájì, ó kúnlẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má dààmú láti sọ ọ́, Àlájì. Mo ti mọ̀."

"O ti mọ̀?" Ojú Àlájì là. "A dúpẹ́. Wá bá wa dì í mú, ọmọ mi, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù."

Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyàwó Àlájì di apá oníbisikíìtì mú.

"Rárá, Màmá," oníbisikíìtì wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. "Èmi kọ́. Òun ni."

"Jókòó, ọmọ mi."

"Èmi kọ́, Màmá. Òun nìyẹn. Ẹni tó kúnlẹ̀ yẹn ni. Tíṣà, ẹ sọ fún wọn. Òun ni. Ṣebí òun ni a ti…"

Ìgbà náà ló rí ọkùnrin olófaróòlù, tó sì mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ọkọ òun ló ti wá. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, "òun ni," ohùn rẹ̀ ò sì jọ ohùn èèyàn mọ́. Aránṣọ ló sáré dìde, òun ló gbá a mú kó tó kanlẹ̀.

Ẹrù ló ya lu ọkọ oníbisikíìtì níbi iṣẹ́ láàárọ̀, nígbà tí ṣíìfù rẹ̀ fẹ́ẹ́ parí. Wọ́n ní kò pẹ́ tó fi kú.

"Àlájì," mo wí, nígbà tí wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, "ẹ ò sọ fún mi pé èwo ni."

Ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. "Ẹ̀yin náà ò béèrè."

Wàhálà yẹn ni kò jẹ́ kí n rántí àpò tó wà lọ́rùn mi. Ó di ìgbà tí mo fẹ́ẹ́ wẹ̀ kí n tó rí i pé fóònù gbogbo kíláàsì ṣì ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba Dọ̀pẹ̀mú lọ.

Ojúlé kún. Nínú yàrá òsì, àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní, oníbisikíìtì wà láàárín wọn. Wọ́n ti tú irun rẹ̀. Aṣọ aró dúdú láti Ìtọ̀kú ló ró mọ́ àyà. Aránṣọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ dání, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó tọ́ ọ wò. Mo gbé fóònù méjèèjì kalẹ̀ sẹ́bàá ẹní, mo kí wọn, mo ń wá ọ̀nà àtijáde.

"Tíṣà."

Ẹnu ọ̀nà òdìkejì ni. Ọkọ aránṣọ jókòó síbẹ̀, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ wá jókòó. Mo gbọ́ pé ẹ sin mí dáadáa lánàá."

Mo jókòó sórí àga máṣíìnì ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé wọ́n sunkún?"

"Wọ́n sunkún."

"Ta ló sunkún jù?"

Mo fi ojú tọ́ka sí yàrá tó kọjú sí wa. Àwọn méjì kan wọlé láti wá kí opó. Bí wọ́n ṣe wọlé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó yà sọ́hùn-ún.

"Ẹ rí i? Báyìí ni gbogbo wọn ń ṣe láti àná. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jí nǹkan gbé." Ó nu itọ́ létí ẹnu. "Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé mo kú?"

"Rárá o," mo wí. "A fi í pamọ́ fún un títí a fi dé."

Ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Irọ́ yín ti òní ò dára tó ti àná. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi ní ìdájí. Ó ní òun mọ̀, òun sì wo ìlú tán. Ẹ fi fọ́tò ọ̀hún hàn mí."

Mo fi hàn án. Ó gba fóònù mi sí ọwọ́ tó ṣì ṣiṣẹ́, ó gbé e sún mọ́ ojú. Aránṣọ na apá lórí àpáta, ìlú lẹ́yìn rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun.

"Mi ò rí eyín yìí láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Mo rò pé ó ti yọ wọ́n jù nù ni." Ó gbé fóònù lé mi lórí itan. "Ìgbà wo lẹ tún ń mú wọn lọ?"

"Ibo?"

"Ibikíbi tó bá jìn. Ẹ mú un lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ sọ fún un pé mo ti kú."

Mo wo ẹnu rẹ̀, mo ń retí ẹ̀rín ìdajì yẹn. Kò wá. Mo wá ẹ̀fẹ̀ kan tí màá fi dá a lóhùn, mo wá a káàkiri inú mi, mi ò rí. Mo ní kí n dìde. Ló bá gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ọwọ́ awakọ̀ tírélà, ó fún un mọ́lẹ̀ bí ẹni di sítíàrì mú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò wò mí. Bẹ́ẹ̀ la jókòó, èmi àti òkú tí mo sin lánàá, títí ìyàwó rẹ̀ fi gbé abọ́ ẹ̀kọ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, tó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú wa, tó sì ń tú àwọn ìka ọkọ rẹ̀ kúrò lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan.